Bí A Ṣe Ń Mú Kí Prósẹ́sọ̀ Kọ̀ǹpútà Ilé Lo Gbogbo Agbára Rẹ̀ Lórí BOINC

Ẹni tó bá ti fi BOINC, sọ́fúwià tó ń yá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní agbára kọ̀ǹpútà, sórí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ ti ṣe ohun tó wúlò. Kọ̀ǹpútà tí ì bá kàn wà lórí tábìlì láìṣe nǹkan kan ti ń bá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣírò. Ó lè máa bá Einstein@Home wá àwọn ìràwọ̀ tó ń yí bírí lójú ọ̀run, ó lè máa bá Rosetta@home ti Yunifásítì Washington wo bí purotéènì ṣe ń ká, ó sì lè máa ṣírò òjò ilẹ̀ Áfíríkà fún Africa Rainfall Project tí World Community Grid gbé jáde ní 2019. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà méjì lè wà tí owó wọn dọ́gba, tí iná tí wọ́n ń jẹ dọ́gba, kí ọ̀kan parí iṣẹ́ méjì kí èkejì tó parí ẹyọ kan. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé prósẹ́sọ̀ ọ̀kan ń lo agbára tí wọ́n kọ́ sínú rẹ̀, tèkejì kò sì lò ó.

Yunifásítì California ní ìlú Berkeley ni wọ́n ti ṣe BOINC, David Anderson ló sì ṣíwájú iṣẹ́ náà. SETI@home, iṣẹ́ wíwá àmì ẹ̀dá olóye mìíràn lójú ọ̀run tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 1999, ti fi hàn kí BOINC tó dé pé ará ilé lásán lè yá àwọn onímọ̀ ní kọ̀ǹpútà rẹ̀ nígbà tí kò bá lò ó. SETI@home ṣíwọ́ pípín iṣẹ́ ní ìparí oṣù Kẹta 2020, àmọ́ BOINC ṣì ń bẹ, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àkànṣe mìíràn sì ń lò ó. Mo gbà pé ẹ ti fi í sórí kọ̀ǹpútà yín, ó sì ti ń gba iṣẹ́. Tí ẹ kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, boinc.berkeley.edu ni ibi tí ẹ ó ti gbà á. Lórí Ubuntu tàbí Debian, ìlà yìí ti tó:

sudo apt install boinc-client boinc-manager

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n sọ èrò tí mo gbé ìtọ́sọ́nà yìí kà. Lóde òní, BOINC fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣètò prósẹ́sọ̀. Iṣẹ́ tiwa ni pé ká tọ ọ̀nà náà láti orí prósẹ́sọ̀ títí dé orí èsì, ká wá ibi tó ti já. Prósẹ́sọ̀ gbọ́dọ̀ ní àṣẹ tó yára. Windows tàbí Linux gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda rẹ̀. BOINC gbọ́dọ̀ rí i. Iṣẹ́ àkànṣe gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà sọ́fúwià tó ń lò ó. Fáànù gbọ́dọ̀ lè gbé ooru rẹ̀. Mẹ́mórì sì gbọ́dọ̀ lè tètè kó nọ́ńbà fún un. Ibi tó bá já ni ká tún ṣe. Ẹni tó bá sáré lọ sínú BIOS (ìṣètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà) lọ ń ṣe overclock, ìyẹn fífi ipá mú prósẹ́sọ̀ sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, láìtíì wo àwọn yìí, òkùnkùn ló ń rìn.

Agbára wo ló wà nínú prósẹ́sọ̀ náà?

Prósẹ́sọ̀ ayé àtijọ́ máa ń ro nọ́ńbà méjì pọ̀, á gbé èsì kalẹ̀, kó tó mú méjì mìíràn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ ìṣirò sáyẹ́ǹsì ń ṣe sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún nọ́ńbà. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe prósẹ́sọ̀ fi kọ́ àṣẹ tó ń ṣe ìṣirò kan sí nọ́ńbà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dà bí ìgbà tí lébìrà tó ń ru búlọ́ọ̀kù lọ́kọ̀ọ̀kan bá gba bárò: ìrìn kan náà ni, ẹrù ló pọ̀ sí i.

SSE2, ọ̀wọ́ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kan, dé pẹ̀lú Pentium 4 ní ìparí ọdún 2000. Nọ́ńbà méjì tó jẹ́ bíìtì 64 ló lè gbé lẹ́ẹ̀kan. AVX dé ní 2011, ó ń gbé mẹ́rin. Ní 2013, àwọn prósẹ́sọ̀ Haswell ti Intel mú AVX2 àti FMA wá. Iṣẹ́ FMA ni pé ó ń ṣe ìsọdipúpọ̀ àti àròpọ̀ nínú àṣẹ kan ṣoṣo, ìṣirò sáyẹ́ǹsì sì kún fún irú rẹ̀. AVX-512, tó dé orí kọ̀ǹpútà tábìlì Intel kan ní 2017 àti orí Ryzen 7000 ti AMD ní 2022, ń gbé mẹ́jọ. Kì í ṣe pé AVX yóò sọ iṣẹ́ di ìlọ́po méjì gbáà ní gbogbo ìgbà o, nítorí kì í ṣe gbogbo apá ìṣirò ló ṣeé kó pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tó bá ti bá a mu, ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í fara sin.

Orúkọ tó wà lára kọ̀ǹpútà lè tan ènìyàn jẹ. Intel yọ AVX kúrò lára ọ̀pọ̀ Celeron àti Pentium fún ọdún púpọ̀, àní nígbà tí Core i3 ìgbà kan náà ní in. Celeron N4020 tó wà nínú ọ̀pọ̀ làpútọ́ọ̀pù pọ́ọ́kú kò ní AVX rárá, ṣùgbọ́n N100 tó jáde ní 2023 ní AVX2. Bákan náà, ìran kejìlá Core tó jáde ní 2021 tuntun ju ti 2017 lọ, síbẹ̀ Intel pa AVX-512 lára rẹ̀. Ní ti AMD, Ryzen àkọ́kọ́ ti 2017 mọ AVX2, àmọ́ ìdajì ìdajì ló ń ṣe é. Ìran Zen 2 ti 2019 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní odindi.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo ohun tí ẹ ní

Lórí Windows, ẹ gba CPU-Z, ẹ ṣí i, kí ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ "Instructions" sí. Gbogbo àṣẹ tí prósẹ́sọ̀ yín mọ̀ ni wọ́n tò síbẹ̀. Lórí Linux, ẹ ṣí terminal kí ẹ tẹ:

lscpu | grep -i -o -w -E 'sse2|sse4_2|avx|avx2|fma|avx512f'

Èyí tó bá jáde ni ẹ ní. Tí ó bá jẹ́ sse2 àti sse4_2 nìkan, ẹ má bọkàn jẹ́: ẹ ṣì lè ṣiṣẹ́ tó dára, ó kàn jẹ́ pé ẹ ó yan iṣẹ́ àkànṣe tí kò gbára lé AVX.

Fún ẹni tó fẹ́ ra làpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó sì ní iṣẹ́ yìí lọ́kàn, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i3, i5 tàbí i7 ni kó kà kó tó sanwó. i5-2520M àti i5-3320M ní AVX ṣùgbọ́n wọn kò ní AVX2. Láti i5-4300U lọ sókè, AVX2 àti FMA wà níbẹ̀. Owó tó wà láàárín ìran kẹta (tí nọ́ńbà rẹ̀ fi 3 bẹ̀rẹ̀) àti ìran kẹrin (tó fi 4 bẹ̀rẹ̀) kì í sábà pọ̀, ṣùgbọ́n nínú irú iṣẹ́ tí à ń sọ yìí, ìran kẹrin ni kí ẹ mú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo bóyá BOINC rí i

Ẹ ṣí BOINC Manager. Tó bá jẹ́ ojú rẹ̀ kékeré ló hàn, ẹ lọ sí View kí ẹ yan Advanced view. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Tools, kí ẹ tẹ Event Log. Ẹ yí i lọ sókè pátápátá, síbi tí BOINC ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ ó rí ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ báyìí:

Processor features: fpu vme de pse tsc msr ...

Ìlà náà gùn. Ẹ fi sùúrù wá avx, avx2 àti fma nínú rẹ̀. Ohun tó wà ní ìlà yìí gan-an ni BOINC ń fi ránṣẹ́ sí sáfà iṣẹ́ àkànṣe. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, sáfà kò mọ̀ pé ẹ ní in, kò sì ní fún yín ní sọ́fúwià tó ń lò ó.

Tí CPU-Z bá ní AVX2 wà tí BOINC kò sì kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ pa BOINC pátápátá kí ẹ tún un ṣí, nítorí ìgbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ nìkan ló máa ń ka ìlà yìí. Tí kò bá tún hàn, ẹ bi ara yín bóyá inú VirtualBox tàbí irú ẹ̀rọ àfojúrí bẹ́ẹ̀ (kọ̀ǹpútà tí sọ́fúwià dá sínú kọ̀ǹpútà gidi) ni BOINC wà. Ẹ̀rọ àfojúrí lè fi AVX pa mọ́ fún ohun tó wà nínú rẹ̀, pàápàá nígbà tí Hyper-V bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Windows. Ẹ fi BOINC sórí Windows tàbí Linux gan-an, yóò rí i. Àwọn tó ṣì ń lo Windows 7 gbọ́dọ̀ ní Service Pack 1, torí Windows 7 àkọ́kọ́ kò mọ AVX.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ṣé iṣẹ́ àkànṣe yín ní ẹ̀dà tó yẹ?

Ẹ lọ sí ojúlé iṣẹ́ àkànṣe tí ẹ wà, kí ẹ fi apps.php kún ìparí àdírẹ́sì rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ wọn, ojú ewé tó ń to gbogbo sọ́fúwià wọn ni yóò ṣí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan sínú àkámọ́. Asteroids@home, tí wọ́n ń ṣe ní Yunifásítì Charles ní ìlú Prague láti fi mọ bí àwọn àpáta ojú ọ̀run ṣe rí, ní ẹ̀dà sse2, sse3 àti avx lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ẹ bá rí "mt", ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹyọ iṣẹ́ kan lè lo core púpọ̀ (àwọn ẹ̀ka inú prósẹ́sọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá ṣiṣẹ́) lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ N-body ti MilkyWay@home ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Sáfà kì í dédé mọ èyí tó yára jù lórí kọ̀ǹpútà yín. Ó máa ń fi onírúurú ẹ̀dà ránṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, á wo iye àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà, kó tó fi ọkàn sí èyí tó dára jù. Nítorí náà, tí ẹ bá rí i lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ pé ó fún yín ní ẹ̀dà sse2 nígbà tí ẹ ní avx, ẹ má fagi lé iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kó parí. Ẹni tó bá ń fagi lé iṣẹ́ kò jẹ́ kí sáfà rí ohun tó fẹ́ wọ̀n.

Lórí Folding@home, tí kì í lo BOINC, inú log ni ọ̀rọ̀ náà ti ń hàn. Ẹ wá ìlà tó ní SIMD, orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn àṣẹ tó ń gbé nọ́ńbà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá kọ avx2_256 síwájú rẹ̀, ọ̀nà yín kò já.

Ká sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ ìyára tí à ń gbádùn lónìí, àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara wọn wá a. Ní 2006, ọmọ ilẹ̀ Hungary kan tó ń jẹ́ Akos Fekete tún sọ́fúwià Einstein@Home ṣe, ó fi àwọn àṣẹ SSE sí i, iṣẹ́ náà sì yára gan-an ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn aṣáájú iṣẹ́ náà kò lé e dànù. Ṣe ni wọ́n pè é pé kó wá bá wọn ṣe sọ́fúwià gan-an tí gbogbo ayé ń lò. Àpẹẹrẹ yìí dùn mọ́ mi nínú púpọ̀, nítorí pé láti ìgbà náà wá, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa SSE ń jẹ àǹfààní rẹ̀ láìṣe ìṣètò kankan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ooru

Ibí yìí ni ọ̀nà ti máa ń já jù. Àṣẹ AVX ń mú kí apá púpọ̀ nínú prósẹ́sọ̀ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ó ń jẹ iná, ó sì ń gbóná ju iṣẹ́ lásán lọ. Tí ooru bá dé ibi tí kò yẹ, prósẹ́sọ̀ yóò dín ìyára rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kó má bàa jó. Lára ọ̀pọ̀ Intel, nǹkan bí ìwọ̀n 100 Celsius ni èyí ti máa ń ṣẹlẹ̀. Ènìyàn lè ní AVX2, kó rí i nínú log, kó sì jẹ́ pé ooru ti gba gbogbo àǹfààní rẹ̀ lọ.

Ẹ fi HWiNFO wo ooru lórí Windows. Lórí Linux, ẹ fi lm-sensors sórí rẹ̀, kí ẹ tẹ sensors. Ẹ jẹ́ kí BOINC ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó kà á, torí ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ kì í sọ òótọ́. Ẹ wo nǹkan méjì pọ̀: ìwọ̀n ooru àti ìyára core ní MHz. Tí ooru bá wà ní 97 tí ìyára sì ń já láti 3,200 bọ̀ sí 2,100, prósẹ́sọ̀ ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ara rẹ̀ sẹ́yìn nìyẹn. Fún iṣẹ́ ọ̀sán tòru, èmi fẹ́ràn kó má kọjá 80, tàbí 85 lórí làpútọ́ọ̀pù.

Kí la lè ṣe sí i? Eruku ni ká kọ́kọ́ mú kúrò. Lágbègbè wa, lẹ́yìn ọyẹ́ kan ṣoṣo, eruku lè dí ẹnu ihò tí fáànù làpútọ́ọ̀pù ń gbà fẹ́ atẹ́gùn jáde. Ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ yọ iná rẹ̀, ẹ ṣí ìdí rẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn ọ́n. Ẹ fi ìka di fáànù mú kó má yí nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Tí kọ̀ǹpútà bá ti lé ní ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó ṣeé ṣe kí ọ̀dà tó wà láàárín prósẹ́sọ̀ àti irin tó ń fa ooru rẹ̀ ti gbẹ. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà lè pààrọ̀ rẹ̀ láìpẹ́. Kí ẹ tó náwó lórí ohunkóhun mìíràn, ẹ ṣe méjèèjì yìí. Ibùsùn àti àga onítìmùtìmù kì í ṣe ibi tí wọ́n ń gbé làpútọ́ọ̀pù tó ń ṣe BOINC sí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìṣètò. Nínú BOINC, ẹ lọ sí Options, Computing preferences. Ẹ ó rí àyè méjì tó jọra. Ọ̀kan ń sọ ìpín core tí BOINC lè lò, èkejì ń sọ ìpín àkókò prósẹ́sọ̀. Ẹ dín ti core kù, kí ẹ fi ti àkókò sí 100. Tí ẹ bá dín ti àkókò kù, ohun tí BOINC ń ṣe ni pé ó ń tan iṣẹ́, ó ń pa á, ó tún ń tàn án láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ díẹ̀; ooru yóò máa lọ sókè sódò, fáànù yóò sì máa pariwo láìsinmi.

Ohun kan tún wà tó ń ṣiṣẹ́ bí oògùn lórí làpútọ́ọ̀pù Windows. Ẹ lọ sí Power Options, ẹ wọ inú advanced settings, ẹ wá Processor power management, kí ẹ yí Maximum processor state láti 100 sí 99. Èyí ń pa turbo, ìyẹn ìyára àfikún tí prósẹ́sọ̀ máa ń gbà fúnra rẹ̀. Lórí Linux tó ní Intel, ẹ tẹ:

echo 1 | sudo tee /sys/devices/system/cpu/intel_pstate/no_turbo

Ìyára yóò dín kù díẹ̀, ooru yóò dín kù púpọ̀, iṣẹ́ yóò sì máa lọ ní ìwọ̀n kan náà. Lórí làpútọ́ọ̀pù tó ti ń gbóná jù tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ tó ń parí lójúmọ́ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ máà yí padà rárá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: mẹ́mórì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí

Prósẹ́sọ̀ tó ń jẹ nọ́ńbà mẹ́rin tàbí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan nílò ẹni tí yóò máa kó o wá. Inú prósẹ́sọ̀ ni cache wà, ó sì yára. Ìta ni RAM wà, kò yára tó o. Tí iṣẹ́ bá gba inú cache, AVX yóò fò. Tí kò bá gba ibẹ̀, prósẹ́sọ̀ yóò máa dúró de RAM.

Iṣẹ́ wíwá àwọn nọ́ńbà ńláńlá tí kò ṣeé pín fún nọ́ńbà mìíràn àfi 1 àti ara wọn ló fi èyí hàn jù. George Woltman, tó dá GIMPS, iṣẹ́ wíwá irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, sílẹ̀ ní 1996, fi èdè assembly kọ kóòdù ìṣirò kan tí Prime95, sọ́fúwià GIMPS, ń lò, sọ́fúwià LLR tí PrimeGrid, iṣẹ́ àkànṣe BOINC tó ń wá wọn, ń lò sì gbára lé e pẹ̀lú. Nínú àbájáde iṣẹ́ wọn, wọ́n máa ń kọ FFT length, ìyẹn iye nọ́ńbà tí ìṣirò náà ń kó pọ̀. Ká ní ẹ rí 480K. Ẹ fi 8, iye báìtì tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń gbà, sọ ọ́ di púpọ̀: 3,840 KB nìyẹn, ìyẹn 3.75 MB. Iye cache tí ẹyọ iṣẹ́ kan fẹ́ nìyẹn. Tí prósẹ́sọ̀ yín bá ní core mẹ́rin àti 6 MB cache L3, tí ẹ sì ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, 15 MB ni wọ́n ń bèèrè. Kò lè gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí core mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dojú kọ ẹyọ iṣẹ́ kan, 3.75 MB yóò jókòó sínú 6 MB pẹ̀lú àyè. Lórí ojúlé PrimeGrid, níbi tí ẹ ti ń ṣe àyànfẹ́ yín, àyè wà fún iye thread (òpó iṣẹ́ tí core ń ṣe) tí ẹyọ iṣẹ́ kan lè lò. Ẹ kọ 4 síbẹ̀.

Fún iṣẹ́ àkànṣe tí kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, ẹ lè dín iye iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà kù. Ẹ kọ fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ app_config.xml:

<app_config>
  <project_max_concurrent>2</project_max_concurrent>
</app_config>

Ẹ gbé e sínú fóldà iṣẹ́ àkànṣe náà. Lórí Windows, C:\ProgramData\BOINC\projects ni wọ́n máa ń wà, Windows sì máa ń fi fóldà ProgramData pa mọ́, nítorí náà ẹ tẹ àdírẹ́sì náà fúnra yín. Lórí Ubuntu, /var/lib/boinc-client/projects ni. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Options, kí ẹ tẹ Read config files. Kò sí ìdí láti pa BOINC.

RAM fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ wo ojú ewé Memory nínú CPU-Z. Tí ó bá kọ Single síwájú Channel lórí ẹ̀rọ tó ní àyè méjì, RAM kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. 8 GB kan àti 4 GB méjì kì í ṣe ohun kan náà fún iṣẹ́ yìí: méjì ń jẹ́ kí prósẹ́sọ̀ gba ọ̀nà méjì mú nọ́ńbà wá. Fún ẹni tó ń ṣe Prime95 tàbí PrimeGrid, owó RAM kejì yìí ni mo rò pé ó ń mú èrè wá jù nínú gbogbo ohun tí a lè rà.

Ọ̀rọ̀ Hyper-Threading, tó ń jẹ́ kí core kan ṣe thread méjì, kò le. Fún iṣẹ́ tó kún fún AVX bíi ti PrimeGrid, iye core gan-an ni kí ẹ lò, nítorí thread méjì inú core kan yóò máa bá ara wọn jà lórí ohun èlò kan ṣoṣo. Fún iṣẹ́ mìíràn, ẹ lè jẹ́ kí gbogbo thread ṣiṣẹ́, tí mẹ́mórì bá gbà á.

Lórí prósẹ́sọ̀ Intel tó ní core ńlá àti core kékeré, Windows lè ti iṣẹ́ BOINC sórí àwọn kékeré, torí pé BOINC máa ń fi ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ètò ohun tí prósẹ́sọ̀ yóò kọ́kọ́ dá lóhùn. Tí ẹ bá rí i pé àwọn core ńlá jókòó lásán, ẹ kọ èyí sínú cc_config.xml, nínú fóldà BOINC gan-an, kí ẹ sì tún un kà gẹ́gẹ́ bíi ti ìṣáájú:

<cc_config>
  <options>
    <process_priority>1</process_priority>
  </options>
</cc_config>

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yára lóòótọ́

Ẹ má gbára lé Run CPU benchmarks tó wà nínú BOINC. Ìdánwò àtijọ́ ni, Whetstone àti Dhrystone, kò sì lo AVX. Iye rẹ̀ lè dúró sójú kan nígbà tí iṣẹ́ gidi ti yára ní ìlọ́po.

Ojúlé iṣẹ́ àkànṣe ni kí ẹ lọ, síbi tí wọ́n to àwọn iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà yín ti parí. Òpó méjì wà níbẹ̀, Run time àti CPU time. Ẹ fi iṣẹ́ irú kan náà wé ara wọn, ó kéré tán mẹ́wàá ṣáájú àyípadà àti mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ẹ sì má ṣe yí ohun méjì padà lẹ́ẹ̀kan. Tí Run time bá fi púpọ̀ ju CPU time lọ, ohun mìíràn ló ń gba prósẹ́sọ̀ mọ́ BOINC lọ́wọ́, tàbí ẹ ti dín ìpín àkókò kù. Tí méjèèjì bá jọ gùn pọ̀, ẹ padà lọ wo ooru àti mẹ́mórì, nítorí BOINC ń ka àkókò tí prósẹ́sọ̀ fi ń dúró de RAM mọ́ àkókò iṣẹ́. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ti tó láti sọ fún yín ibi tí ẹ ó wò.

app_info.xml: ọ̀nà àwọn tó fẹ́ mú sọ́fúwià tiwọn wá

Nígbà ayé SETI@home, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Lunatics máa ń ṣe sọ́fúwià tó yára fún oríṣi prósẹ́sọ̀ kọ̀ọ̀kan, app_info.xml sì ni wọ́n fi ń sọ fún BOINC pé kó lo tiwọn. Ọ̀nà náà ṣì ṣí sílẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ fún sáfà pé kó má fi sọ́fúwià ránṣẹ́ mọ́, iṣẹ́ nìkan ni kó máa fi wá. Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀yin lẹ ni àtúnṣe. Tí iṣẹ́ àkànṣe bá gbé ẹ̀dà tuntun jáde, kò ní dé ọ̀dọ̀ yín.

Tí ẹ bá ní ìdí tó dájú láti ṣe é, ẹ kọ́kọ́ tẹ No new tasks lórí iṣẹ́ àkànṣe náà. Ẹ jẹ́ kí gbogbo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ parí, kí wọ́n sì ti padà sí sáfà, torí BOINC lè da iṣẹ́ tó bá bá nílẹ̀ nù. Ẹ wá pa BOINC, ẹ kó sọ́fúwià náà àti app_info.xml rẹ̀ sínú fóldà iṣẹ́ àkànṣe, kí ẹ tún BOINC ṣí. Nínú Event Log, ẹ gbọ́dọ̀ rí ìlà tó ń sọ pé ó rí app_info.xml, ó sì ń lo anonymous platform. Ẹ má gba sọ́fúwià láti ibi tí ẹ kò mọ̀. Prógírámù tí ẹ ń fi sórí kọ̀ǹpútà yín ni, ó sì lè ṣe ohunkóhun tó bá wù ú níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, mo gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi ọ̀nà yìí sílẹ̀.

Iná

Ẹ ṣírò ohun tí yóò jẹ kí ẹ tó fi sílẹ̀ mọ́jú. Kọ̀ǹpútà tábìlì tó ń fa 120 wáàtì, tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 10 lójúmọ́, ń jẹ yúníìtì 1.2 lójúmọ́, yúníìtì 36 láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Làpútọ́ọ̀pù tó ń fa 40 wáàtì fún àkókò kan náà jẹ́ yúníìtì 12. Ẹ fi iye tí ẹ ń ra yúníìtì sọ ọ́ di púpọ̀. AVX dára níhìn-ín pẹ̀lú: ó ń fa iná díẹ̀ sí i ní wákàtí kan, àmọ́ iṣẹ́ tó ń parí lórí yúníìtì kan máa ń pọ̀ jù.

Níbi tí iná bá ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹ rí i pé BOINC ń dúró nígbà tí làpútọ́ọ̀pù bá wà lórí bátìrì. Àyè rẹ̀ wà nínú Computing preferences. Ẹ wo àyè checkpoint níbẹ̀ náà. Òun ló ń sọ bí iṣẹ́ yóò ṣe máa fi ibi tó dé pa mọ́ sí: 60 ìṣẹ́jú àáyá dára. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ tí BOINC ń tò sílẹ̀ kéré, bí ìdajì ọjọ́, kí gbèdéke má bàa kọjá lórí iṣẹ́ tí iná kò jẹ́ kó parí. Ní ti jẹnẹrétọ̀, èrò mi ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ nítorí BOINC. Epo tí yóò jó àti èéfín rẹ̀ ju ohun tí iṣẹ́ náà yóò mú jáde lọ.

Lẹ́yìn gbogbo àyípadà tí ẹ bá ṣe, ẹ padà sí ojú ewé iṣẹ́ yín lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ wo iye tó jẹ́ Valid, Invalid àti Error. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àkànṣe ń fi ẹyọ iṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà méjì, wọ́n á sì fi èsì wọn wé ara wọn. Èsì tí kò bá bára mu, wọ́n á ní kí kọ̀ǹpútà kẹta tún un ṣe, iná àti àkókò ẹlòmíràn á sì bá a lọ. Àṣẹ AVX ni ó máa ń tètè tú àṣírí overclock tí kò dúró dáadáa, àní nígbà tí eré orí kọ̀ǹpútà àti fídíò kò bá fi nǹkan kan hàn. Tí Invalid bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ẹ dá BIOS padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹ fi Torture Test inú Prime95 dán ẹ̀rọ náà wò fún wákàtí díẹ̀, kí ẹ sì tẹ No new tasks títí tí kò fi ní fi àṣìṣe kankan hàn mọ́.